Ọkọ̀ Wa Pọ̀ Jù Lẹ́nu Ọ̀nà Mọ́sálásí



Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ ibi tí a ó máa gbé ọkọ̀ sí gba wákàtí kan àbọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwọn kan dábàá pé kí á mú àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kéú, níbi tí àwọn ọmọ ti máa ń sáré kí àlùfáà wọn tó dé, kí á da kọnkéré sí i, kí ó di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ yé wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ máa ń dí ẹnu géètì débi pé bí wọ́n bá gbé òkú wá fún ìrun, a ó kọ́kọ́ máa wá ẹni tó ni Toyota kan kiri inú sáfú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo àwọn ọkọ̀ náà dáadáa, a mọ ilé ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n. Ẹlòmíràn kò jìnnà ju close méjì lọ. Ọkọ̀ àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà wà níbẹ̀, láti ilé tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Bí a bá ka àsìkò tí a fi ń yí kiri wá àyè, ẹsẹ̀ ì bá ti gbé wa débẹ̀ ṣáájú ọkọ̀. Nítorí náà, a ò fara mọ́ àbá kọnkéré yẹn, ìdí rẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ níbí.

Níbi tí a ti ń ta oògùn, ojoojúmọ́ ni a ń rí àwọn ará wa tí wọ́n wá ra amlodipine nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí metformin nítorí àtọ̀gbẹ. Wọ́n á bi wá léèrè oúnjẹ tí kò yẹ kí wọ́n jẹ. Wọ́n á bi wá bóyá àgbo lè bá oògùn náà lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tó máa béèrè iye ìrìn tó yẹ kí òun rìn. Bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá ń rìn, ẹran ara itan àti ojúgun a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra láti fi ṣiṣẹ́, kódà bí insulin ara rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ fi ń bá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ rẹ́. Bí ó bá jẹ iyán tán, tí ó rìn lọ kírun Ìṣáì, tí ó sì rìn bọ̀, ṣúgà rẹ̀ kò ní gòkè tó ti ẹni tó jẹun tán tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọdún 1953, dókítà kan ní London, Jerry Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú náà. Dírẹ́bà ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ndọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè gba owó. Wọ́n jọ ń gbé ìlú kan náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, síbẹ̀ àrùn ọkàn mú dírẹ́bà ju kọ̀ndọ́ lọ, ó sì ń pa wọ́n jù. Ẹni tó bá dúró ní Mile 2 fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò rí irú àwọn méjèèjì nínú dáńfó. (A ò sọ pé iṣẹ́ kọ̀ndọ́ dáńfó dára fún ìlera o. Èéfín ibẹ̀ nìkan ti tó àìsàn.)

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìrìn tó yá díẹ̀ wà lára rẹ̀, irú èyí tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àlọ àti mẹ́sàn-án àbọ̀ jẹ́ 18. Àsùbáà àti Ìṣáì lójúmọ́ jẹ́ 36. Ọjọ́ márùn-ún péré, ó di 180. Ní ti 10,000 ìṣísẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń kà lórí fóònù, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Láti orúkọ ẹ̀rọ ìkaṣẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ni ó ti gbajúmọ̀, kì í ṣe òfin dókítà.

Ẹnì kan lè sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti sáré lọ síbi ìrun. Òótọ́ ni. Pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ni kí á fi lọ. Àbọ̀ ni kí ẹ gbẹ́sẹ̀ sí i. A sì rántí ìtàn àwọn Banu Salima ní Mẹ̀dínà, tí ilé wọn jìnnà, tí wọ́n fẹ́ kó wá sítòsí mọ́sálásí. Ànábì ní kí wọ́n dúró sí ilé wọn, nítorí pé à ń kọ ipa ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀. A ń ka hádíìsì yìí lórí mínbárì, a tún wá ń jà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ìgbádùn ìrìn yìí wà lọ́tọ̀. Láti ìgbà tí a ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Àsùbáà, a ti mọ̀ pé ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta wa kì í ṣẹbu epo. A gbọ́ pé aládùúgbò wa bímọ kí ìròyìn tó dé orí WhatsApp. Ọmọ wa ọkùnrin, tí kì í dá wa lóhùn nínú ọkọ̀, ń ka súrà tó kọ́ ní ilé kéú sí wa létí lójú ọ̀nà, bó bá sì ṣì í, ibi tó dé ló ti ń padà. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ sí wa lójú. Wọ́n kọ́ Festac Town yìí fún àwọn àlejò ayẹyẹ àṣà ọdún 1977, wọ́n sì tò ó ní avenue, road àti close lọ́nà tí ẹlẹ́sẹ̀ kò fi lè sọnù. Láti September 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, ọ̀pọ̀ wa tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ nìkan la mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti padà mọ bí a ti ń gun àtẹ̀gùn.

Àmọ́ ṣá, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé ọkọ̀ wá ló jẹ́ ọ̀lẹ. Bàbá kan wà nínú sáfú àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ gọ́tà tí kò ní ìdérí nígbà tó ń lọ kírun Ìṣáì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ gbé e wá. Àwọn ìyá wa náà ní òkùnkùn ọ̀nà náà ń ba àwọn lẹ́rù. Wọn ò parọ́. Ohun tí a bá ìgbìmọ̀ sọ ni pé kí owó kọnkéré yẹn di ìdérí gọ́tà láti ìkóríta dé géètì, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù di iná tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Kí á fi àyè àwọn ọmọ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà, aláìlera àti arúgbó ni kí á fi ìwọ̀nba àyè ọkọ̀ tó wà sílẹ̀ fún.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má pa oògùn rẹ̀ tì o. Ìrìn kì í rọ́pò oògùn. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, kí ó fi dàbínù díẹ̀ tàbí súìtì sápò ní Àsùbáà, nítorí ikùn òfo. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kí ó máa fọwọ́ wo inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí òkúta bá wà níbẹ̀. Bí àyà bá ń fún ènìyàn mọ́ra lójú ọ̀nà, kí ó dúró, kí ó sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, kó tó fẹnu kò. Ní báyìí ná, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ti gbà láti máa mú tọ́ọ̀ṣì dúró ní ìkóríta kí ládàánì tó pe Ìṣáì, kí àwọn ìyá àti bàbá wa lè bá wọn rìn. Ẹni tó bá ní arúgbó nílé, kí ó wá sọ fún wa.