Ẹ Tú Ọmọ Náà Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ. Ọmọ ọdún 17 fi abẹ ya ara rẹ̀ lápá, ìyá rẹ̀ figbe ta, ará àdúgbò pé jọ, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Wọ́n tún ní àgídí ni. Ó di àgọ́ àdúrà, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n febi pa á, kí wọ́n nà án títí ohun tó ń bá a jà yóò fi jáde. Ní Bouaké, ìlú kan ní Côte d'Ivoire tó ní ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ!

Ọ̀pọ̀ àìsàn ló lè mú ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní borderline wà lára wọn, ìgbà ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń yọjú. Láàárọ̀, kò sẹ́ni tó dà bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láyé. Lọ́sàn-án, ọ̀rẹ́ ò gbé fóònù, ló bá di ọ̀dàlẹ̀: èébú, ẹkún, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó di abẹ. Kì í ṣe eré o. Ìrora inú ló pọ̀ débi tí ti ara fi ń tù ú. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù ni pé kí wọ́n kọ òun sílẹ̀. Òun náà lẹ wá lọ já sílẹ̀ lábẹ́ igi lọ́dọ̀ àjèjì!

Ta ló ń na ẹni tí ibà ń ṣe? Ta ló ń de onítọ̀ ṣúgà mọ́lẹ̀ kí ṣúgà lè wálẹ̀? Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá kán, ṣé ebi lẹ fi ń to eegun?

Ẹ ò sì lè ní ẹ ò gbọ́. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ti ṣe fọkanáísà rí, kì í ṣe dókítà, Bouaké yìí ló ti dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ ní 1983. Ní 1994, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lábúlé kan nítòsí ibí, wáyà irin ni wọ́n fi dè é tọwọ́tẹsẹ̀, ara rẹ̀ ti ń jẹrà. Wọ́n tú u, wọ́n wẹ̀ ẹ́, ó kú náà ni. Láti ìgbà náà ló ti ń tú àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ sílẹ̀ káàkiri, àwọn kan tí ara wọn yá sì ti di olùtọ́jú nínú ẹgbẹ́ náà.

Marsha Linehan náà jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn l'Amẹ́ríkà ní 1961. Wọ́n tì í mọ́ yàrá òun nìkan, ó ń ya ara rẹ̀, ó ń forí gbá ògiri. Àhámọ́ ò wò ó sàn. Nígbà tó dàgbà, òun ló gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀, ìjíròrò àti ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu, tí wọ́n fi ń tọ́jú borderline kárí ayé báyìí. Oògùn nìkan kì í ṣe é. Ó ń gba oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń sàn.

Ẹ kó abẹ àti oògùn eku kúrò níbi tọ́wọ́ rẹ̀ lè tó. Ẹ má sọ fún un pé kó kú tó bá fẹ́ kú. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin alfa, ẹ gbàdúrà, ẹnikẹ́ni ò dí yín lọ́wọ́; ṣùgbọ́n kí ọmọ ti jẹun, kó ti rí dókítà, kó sì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ lálẹ́ òní.