Ọ̀rọ̀ Òbí àti Ọmọ: Aṣọ Oníbàárà Kì í Ṣe Àkísà

  

Ibi ìpàdé ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Màmá kan dìde, inú ń bí wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ọkùnrin fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ó padà sí yunifásítì láti gba oyè MBA, owó tí wọ́n sì san fún un pọ̀ ju owó tí àwọn fi ra mọ́tò lọ. "Ẹ wá wò ó o! Dípò kí wọ́n kọ́ ọ níwèé, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n rán an lọ. Ó ń ka iṣu! Ṣé torí kí ọmọ mi lè ka iṣu ni mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ alẹ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Òbí púpọ̀ nínú wa ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní ká tú u palẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: báwo ni àwa Yorùbá ṣe ń kọ́ṣẹ́? Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kì í fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ kìíní. Yóò gbálẹ̀, yóò fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, yóò máa fi àkísà dánra wò. Bó bá yá, ọ̀gá á gbé aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́, á ní, "Gbà, ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún mi." Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ọmọ á máa gbọ̀n. Kí ló dé? Ẹ̀rọ kan náà ni, òwú kan náà ni. Ṣùgbọ́n aṣọ yìí lẹ́ni tó ni ín. Bó bá bàjẹ́, ẹnì kan ò ní rí aṣọ wọ lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ kíkọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ òwò ti àwọn òyìnbó náà gba ọ̀nà yìí kọjá, àmọ́ ó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ọdún 1908 ni wọ́n dá ti Harvard sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń fi ìtàn iléeṣẹ́ kọ́ni níbẹ̀. Wọ́n á kọ ìṣòro tó bá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á kà á, wọ́n á wá bá ara wọn jiyàn ní kíláàsì: bó bá jẹ́ ìwọ ni ọ̀gá ibẹ̀, kí lo máa ṣe? Ọ̀nà tó dáa ni, títí dòní ni wọ́n ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ojú télọ̀ wò ó, àkísà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iléeṣẹ́ inú ìwé ti ṣẹlẹ̀ tán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì í sọ, aago á lù, gbogbo wọn á lọ jẹun ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Reg Revans. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o: ó fo ìfò jíjìn fún Britain níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Amsterdam lọ́dún 1928. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló mú un lókìkí. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tó wà lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ìwakùsà èédú, ó ní kí àwọn ọ̀gá ibi ìwakùsà máa pàdé. Kí oníkálukú gbé ìṣòro gidi tó wà níwájú rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi ìbéèrè tú u wò, kí wọ́n lọ dán ìdáhùn wò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì padà wá jíhìn fún ara wọn. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ìṣòro wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ òwò Manchester, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, fi iṣẹ́ gidi fún iléeṣẹ́ gidi ṣe àmì ìdánimọ̀ ara rẹ̀. Ní Yunifásítì Michigan, láti 1992, ọ̀sẹ̀ méje ni akẹ́kọ̀ọ́ MBA fi ń ṣe iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tàbí àjọ kan lọ́dún àkọ́kọ́ wọn. MIT bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2000, ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Harvard fúnra rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún tó ti ń fi ìtàn kọ́ni, fi irú iṣẹ́ yìí kún un ní 2011.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Iléeṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹgbẹ́ aláàánú kan á gbé ìṣòro rẹ̀ wá síwájú ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n á kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ, oníkálukú pẹ̀lú ohun tó mọ̀. Wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé pé ohun tí àwọn bá rí níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Wọ́n á bá oníbàárà jókòó, wọ́n á kọ ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn sílẹ̀. Wọ́n á wo ìwé owó, wọ́n á bá àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń rajà sọ̀rọ̀. Níkẹyìn, wọ́n á dìde níwájú oníbàárà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n rò pé ó yẹ ní ṣíṣe. Olùkọ́ á wà lẹ́yìn wọn bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń wà lẹ́yìn ọmọṣẹ́. Nígbà púpọ̀, ohun tí oníbàárà bá sọ nípa wọn wà lára máàkì tí wọ́n á gbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣu. Ìyá kan láàárín wa ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n rán ọmọ náà àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mìíràn lọ. Irú ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo wa mọ̀ ni: èlùbọ́, gàrí, pọ̀nmọ́, panla, páálí iṣu Gánà. Èrò kì í dá níbẹ̀ ní Sátidé. Síbẹ̀, bí oṣù bá parí, tí ìyá bá san owó ilé, owó iná àti owó ọjà tán, ọwọ́ wọn á ṣófo. Wọ́n ti ń rò ó láti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Lọ́jọ́ kìíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n ní kí ìyá yí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù padà, kí wọ́n máa polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá wò wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èrò ò wọ́n mi, owó ló wọ́n mi. Ẹ bọ́ kóòtù yẹn, ẹ wá bá mi tajà."

Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi bá ìyá tajà. Ibẹ̀ lojú wọn ti là. Wọ́n ka iṣu, wọ́n rí i pé ìyá máa ń ra páálí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí pé owó rẹ̀ ń dín, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tà á tán, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti máa rà. Fírísà mẹ́rin ń jẹ iná tọ̀sán-tòru, méjì nínú wọn ò sì kún dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bèèrè ìwé àwìn.

Ìwé àwìn kẹ̀! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ta ló ń fi ìwé àwìn rẹ̀ han àlejò? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá fi kọ̀. Torí pé àwọn ọmọ náà ti tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n fi gbà nígbẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, owó tó wà níta lọ́wọ́ àwọn tó rajà láwìn pọ̀ ju ohun gbogbo lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní ọ̀rọ̀ ti tán: kí ìyá kọ "Kò sí àwìn" sára ògiri. Ọmọ tiwa nìkan ni kò fọhùn. Ó ti rí orúkọ kan nínú ìwé náà. Orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ ni.

Ẹ rò ó wò. Ní kíláàsì, nọ́ńbà lásán ni onígbèsè. Níbí, ìyá rẹ̀ ni, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí owó rẹ̀ kì í wọlé àfi ìparí oṣù, tó sì ń bá a san lára owó ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn àwìn lójijì, ọ̀pọ̀ ilé ò ní rí nǹkan sè lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù, wọn ò sì ní padà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ bó ṣe mọ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san gbèsè rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Ẹ wá wò ó: ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń san láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé. Àwọn díẹ̀ tí gbèsè wọn ti lé lọ́dún ló ń pa ìyá lára.

Ni ìmọ̀ràn bá yí padà. Kí àwìn ní gbèdéke. Kí ọjọ́ ìsanwó bá ọjọ́ owó oṣù mu. Kí ẹni tí kò bá tíì san ti àtijọ́ má gba tuntun. Kí ìyá máa ra iṣu níwọ̀nba, kí fírísà kan sinmi. Ìmọ̀ràn mìíràn tiẹ̀ wà tí kò ṣiṣẹ́: wọ́n ní kí ìyá di èlùbọ́ sínú ọ̀rá kéékèèké, àwọn tó ń rajà ní àwọn ò fẹ́, òṣùwọ̀n tí àwọn mọ̀ làwọn fẹ́. A ò ní parọ́ fún yín pé ìyá ti di olówó. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ṣì ń ṣí, oṣù sì ti ń parí kí owó tó tán.

Báwo la ṣe gbọ́ gbogbo èyí? Nígbà tí màmá tó bínú níjọ́sí lọ san gbèsè wọn, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọmọ. Ó rí orúkọ yín nínú ìwé mi, n ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni." Màmá ní àwọn pàápàá ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn ló dìde sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó ka iṣu."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé wo ló lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń di irú ẹyin bẹ́ẹ̀ mú?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ MBA, ẹ má bèèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa gbé aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́, àti bóyá olùkọ́ á dúró tì í nígbà tó bá ń rán an.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n tọwọ́ bọ̀wé kí ẹ tó ṣí ìwé owó yín. Ẹ wá àyè fún wọn, torí wọ́n máa béèrè ìbéèrè púpọ̀. Ẹ sì rántí pé ìmọ̀ràn ni wọ́n mú wá. Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ máa pinnu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ bá wọn tajà kí ẹ tó gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, iṣẹ́ tiyín rèé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tí wọ́n rà sílé yín lọ́sẹ̀ yìí tí ẹ ò jẹ tán. Ẹ bi ìyá tàbí bàbá yín pé kí ló fà á. Ẹ má tíì sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ẹ gbọ́ ná. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ lẹ́nu wọn kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Oníbàárà yín àkọ́kọ́ ni wọ́n.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa o. Ó di oṣù tó ń bọ̀.