Ẹnu Ọmọ Ni Ó Ń Pe Omi Ọyàn, Kì Í Ṣe Agbè Ẹmu

Ìgbàgbọ́ kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilé abiyamọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, pé omi ọyàn kì í pọ̀ àfi bí ìyá bá ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wọ́n sì ń bá a wá ẹmu tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé ìkòkò ni ọyàn, tí ohun tí wọ́n bá dà sí i lókè yóò máa jò nísàlẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ yìí takò ó: omi ọyàn tí ọmọ bá fà jáde ni ó ń mú kí òmíràn wá.

Bí ibi ọmọ bá ti jáde, progesterone á lọ sílẹ̀ lójijì. Họ́mónù ni, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri láti fi rán ẹ̀yà ara níṣẹ́. Òun ni ó ti ń dá omi ọyàn dúró láti inú oyún. Prolactin, họ́mónù tí ó ń mú kí ọyàn ṣe omi, á wá ráyè ṣiṣẹ́, ọyàn á sì kún láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, yálà ìyá mu ẹ̀kọ tàbí kò mu. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti wọlé: ọjọ́ kẹta tí ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ dé ni ọyàn kún, ẹ̀kọ sì gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹnu ọmọ ni ó kù. Nígbàkígbà tí jòjòló bá gbá ọyàn mú dáadáa, tí kì í ṣe orí ọmú nìkan ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ bí kò ṣe apá dúdú tí ó yí i ká pẹ̀lú, ọpọlọ ìyá á tú prolactin sílẹ̀, á sì tú oxytocin, tí ó ń fún àwọn àpò kéékèèké inú ọyàn kí omi inú wọn lè jáde. Bí omi bá pẹ́ nínú ọyàn láìsí ẹni tí ó fà á, ọyàn fúnra rẹ̀ á dín iṣẹ́ kù. Ìdí nìyí tí ọmọ tuntun fi gbọ́dọ̀ mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, àti lóru pàápàá, nígbà tí prolactin ń ga jù.

Kò sí ẹni tí ó ní kí ebi pa abiyamọ. Ara rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí kálórì 500 kún èyí tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sì dára fún un (ẹ̀kọ nìkan, kí a má purọ́, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀). Ọ̀rọ̀ ẹmu yàtọ̀, nítorí láti orí ọ̀pẹ ni ó ti ń kan, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Ọtí inú rẹ̀ a máa dí oxytocin lọ́wọ́, a sì máa wọ inú omi ọyàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé omi ọyàn tí ọmọ ń rí fà ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá mu ọtí kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ewu tí ó tóbi jù wà nínú ìdájọ́ tí ó ṣáájú ẹ̀kọ àti ẹmu, pé omi ọyàn kò tó. Ikùn ọmọ ọjọ́ kan kéré gan-an, omi ọyàn àkọ́kọ́ tí ó ki, tí ó sì pọ́n, ni ó bá a mu, ebi sì ń tètè pa á. Ẹkún rẹ̀ ni àwọn àgbà gbọ́, wọ́n fún un lómi, wọ́n rọ ọ́ lágbo, ó yó omi, kò fa ọyàn mọ́, ọyàn sì dín kù lóòótọ́. Nígbà náà ni wọn óò wí pé àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwádìí ìlera ìdílé ti Nàìjíríà lọ́dún 2018, 29 péré nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ó ń mu ọyàn nìkan. Ìlédìí ni ó yẹ kí wọ́n máa kà: ọmọ tí ó ti lé ní ọjọ́ márùn-ún, tí ó ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, tí ó sì ń sanra sí i, ń rí omi ọyàn tó.

Àwọn abiyamọ kan wà tí ọyàn wọn kì í tètè kún lóòótọ́: èyí tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀ nígbà ìbí, àti èyí tí ègé ibi ọmọ ṣẹ́ kù sí inú rẹ̀, tí progesterone kò sì lọ sílẹ̀. Dókítà ni irú wọn nílò, lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá fi dúró de ẹ̀kọ lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí àrùn fi ń ráyè wọ ilé ọmọ.