Bí Àgbà Bá Ṣubú, Ẹ Má Jẹ́ Kó Pẹ́ Lórí Ẹní

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà inú ilé ni mo gbé wá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan ní Ìkọ̀yà, bí ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Ìyá àgbà dìde láti ṣe àlùwàlá. Omi wà nílẹ̀, iná kò sí. Gbì! Ó lulẹ̀. Kò lè dìde mọ́. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, ó sì yí síta. Ẹni tó bá rí èyí, kí ó fura pé eegun ìbàdí ti kán.

Kí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe? A ó gbé ìyá sórí ẹní, a ó fi òróró ra á, a ó ní kó sinmi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú ìsinmi yẹn gan-an ni ewu wà! Eegun tó kán kì í sábà dá pa àgbà. Ìdùbúlẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Òtútù àyà a wọlé, egbò a yọ ní ìdí, ẹ̀jẹ̀ a dì ní ẹsẹ̀, a sì lè gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kódà ní ìlú òyìnbó, nínú 100 àgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, nǹkan bí 20 sí 30 ni kì í lò tó ọdún kan sí i.

Obìnrin ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, nítorí eegun wọn a máa fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ọkùnrin, ewu ikú tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹni tó ti dàgbà gan-an, ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti kídìnrín, ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá, àti ẹni tí kò jẹun kánú, ẹ tètè ṣọ́ wọn.

A kò lè dá ọjọ́ orí padà, ṣùgbọ́n a lè yẹra fún ìfòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la. Àwọn dókítà fẹ́ kí iṣẹ́ abẹ wáyé láàárín ọjọ́ méjì, kí àgbà sì tètè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fa ẹsẹ̀ náà. Ẹ tẹ́ ìyá sórí pákó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Òkìtìpupa, tí kò jìnnà sí Ìkọ̀yà. Bí iṣẹ́ náà bá ju tiwọn lọ, ẹ ní kí wọ́n júwe ibi tí ẹ ó gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọsibítù eegun Ìgbóbì ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun nílé. Ṣùgbọ́n eegun ìbàdí wà nínú lọ́hùn-ún, igi tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ kò lè dé ibẹ̀.

Ìdènà ló sàn jù. Ẹ nu omi nílẹ̀, ẹ gbé àga síbi àlùwàlá, ẹ tan iná lóru, ẹ ká ẹní tó ń kọ́ni lẹ́sẹ̀, ẹ mú àgbà lọ yẹ ojú wò. Kí púpurú má sì dá wà nínú abọ́ ìyá: ẹja àwọn ará Ìlàjẹ, ẹyin àti ẹ̀wà a máa fún ara lókun.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yára.