Bí Kọ̀ǹpútà Bá La Ẹnu, Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Pa Á Dé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín rárá.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń lò láti bí ọdún mẹ́fà. Inú rẹ̀ ni máàkì gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì mi wà. Ní ìparí táàmù tí ó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé ike ìdí rẹ̀ ń la ẹnu. Bí mo bá gbé e sórí tábìlì, a máa mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ibi pẹlẹbẹ tí a máa ń fi ìka rìn lórí rẹ̀ sì yọ sókè, kò ṣeé tẹ̀ mọ́.

Kí ni èmi ọ̀mọ̀wé ṣe? Mo fi gọ́ọ̀mù sí i lẹ́nu, mo gbé ìwé atúmọ̀-èdè ńlá méjì lé e lórí, mo sì lọ sùn. Mo ń yọ̀ pé owó àtúnṣe ti kù sápò mi. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún là, ó là ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú bí mi. Mo lọ ra sikúrúù gígùn mẹ́rin, mo ní n ó dè é mọ́lẹ̀ bí ẹni de ewúrẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, alaalẹ́ ni mo ń fi iná sí i lẹ́bàá ẹní tí àwọn ọmọ mi ń sùn lé.

Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin aládùúgbò wa kan tí ń ta aṣọ. Òun náà ní kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣe ìṣirò ọjà, igun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà wálé, ó ní kí ó wá wo tèmi náà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo sikúrúù lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná.”

Ó pa á, ó tú ìdí rẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú bí ìrọ̀rí! Òun ni ó ń ti ike náà láti inú. Ọmọ náà ní, “Sà, bátìrì yìí gan-an ni sikúrúù yín ì bá gún.” Òógùn bò mí.

Bátìrì lítíọ́mù ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní 1991. Bí ó bá gbó, tàbí tí ooru ń mú un jù, oògùn inú rẹ̀ a bàjẹ́, a sì di afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde. Bí a bá gún un tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀jù, ó lè gbiná lójijì. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀yìn ike ni mo ń fi gọ́ọ̀mù sí, inú ni àrùn wà.

Nítorí náà, bí tiyín bá la ẹnu, ẹ wo ibi tí ó ti là. Bí ó bá jẹ́ àárín tàbí abẹ́ àwọn bọ́tìnnì, tí ó sì ń mì lórí tábìlì, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sí ààtàn. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kí ó pààrọ̀ bátìrì.

Bí ó bá jẹ́ igun ẹ̀yìn ni ó ya, tí ìdérí sì le láti ṣí, irin tí ó so ìdérí mọ́ ìdí ni ó ti gan. Irú èyí ni ti aládùúgbò wa. Irin náà ti fa àwọn ihò idẹ kéékèèké tí sikúrúù ń wọ̀ tu kúrò lára ike. Ọmọ rẹ̀ já bátìrì kúrò, ó dẹ irin náà díẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ lẹ àwọn idẹ náà padà, ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí ó tó dè é. Kò lo gọ́ọ̀mù tí ń mú lójú ẹsẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ a máa ṣẹ́ bí a bá ti ń ṣí i tí a ń pa á dé.

Bí ó ti ń tú sikúrúù, ó ń tò wọ́n sórí bébà ní ipò tí ó ti yọ wọ́n, nítorí pé gígùn wọn kò dọ́gba. Bí èyí tí ó gùn bá bọ́ sí ihò kúkúrú, ó lè ba ohun tí ó wà nínú jẹ́. Ó sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé àárín ni kí ó máa dì mú bí ó bá ń ṣí ìdérí, kì í ṣe igun kan.

Mo ti ra bátìrì tuntun. Ike náà pa ẹnu dé fúnra rẹ̀, kò bèèrè gọ́ọ̀mù. Máàkì àwọn ọmọ kíláàsì kò sọnù, àwọn ọmọ tèmi náà sì ń sùn ní àlàáfíà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ yẹ tiyín wò lálẹ́ òní kí ẹ tó fi iná sí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.