Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: GNU/Linux ni kí a máa pè é



Ọ̀rọ̀ kan ń dun àwa olùkọ́. Ètò kan wà tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí a lè gbà láìsan kọ́bọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Linux. A ní orúkọ yẹn kò pé. GNU/Linux ló yẹ kó máa jẹ́. Àwọn kan á ní ìjà orúkọ lásán ni. Kì í ṣe lásán. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo ilé tí ọmọ yìí ti wá.

Ní oṣù kẹsàn-án 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà kéde pé òun fẹ́ kọ odidi ètò kan tí ẹnikẹ́ni lè lò, lè tú wò, lè tún ṣe, lè pín fún ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ ní GNU. Òun àtàwọn tó bá a ṣe é kọ GCC, tó ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Wọ́n kọ Bash tó ń gba àṣẹ wa, wọ́n kọ glibc tí àwọn ètò yòókù gbára lé. Ní 1989, wọ́n gbé ìwé àṣẹ GPL jáde: ẹni tó bá tún ètò náà ṣe, tó sì fẹ́ pín in, kò gbọdọ̀ gba òmìnira tóun náà rí gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun ńlá tó kù ni kóró àárín, èyí tí Faransé ń pè ní noyau.

Ní oṣù kẹjọ 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, kéde pé òun ń kọ ètò kan. Nínú ìkéde yẹn gan-an ló ti dárúkọ GNU, tó ní tòun kò ní tóbi tó o. Ní 1992, ó fi kóró rẹ̀ sábẹ́ GPL. Orúkọ Linux pàápàá, òun kọ́ ló mú un jáde fáyé: Freax ló fẹ́ pè é, Ari Lemmke tó bá a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ linux síbẹ̀.

A kò bu iṣẹ́ Torvalds kù. Láìsí i, GNU ì bá ṣì máa wá kóró. Ṣùgbọ́n ẹ̀kùrọ́ wà nínú ẹyìn lóòótọ́, ẹ̀kùrọ́ kọ́ ni ẹyìn. Ẹni tó ń pe ẹyìn ní ẹ̀kùrọ́ ti gbàgbé ibi tí epo pupa ti ń wá.

Wọ́n á ní orúkọ náà gùn. Àwa tí a ń kọ République du Bénin sórí gbogbo ìwé, ṣé lẹ́tà mẹ́ta ló máa wá rẹ̀ wá? Wọ́n á ní bí a bá dárúkọ GNU, ká dárúkọ àwọn tó ṣe Firefox náà. Rárá. Àwọn yẹn mú àga wá sínú ilé; GNU ló pinnu láti kọ́ ilé. Wọ́n á ní Torvalds fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ orúkọ méjì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ìdílé bàbá nìkan kọ́ ló ń sọmọ lórúkọ.

Ẹ wo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín. Kóró Linux wà nínú rẹ̀, àmọ́ irinṣẹ́ GNU kọ́ ló yí i ká. Bí Linux nìkan bá tó fún òmìnira, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa kò lè yọ ètò tí ilé iṣẹ́ kì bọ inú fóònù tí a fi owó wa rà? A kì í pe ìyẹn ní GNU/Linux. Orúkọ tó pé ló ń jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀.

Àwa tí Pọtogí sọ Àjàṣẹ́ wa di Porto-Novo mọ̀ pé orúkọ lè bo ìtàn mọ́lẹ̀. Ìtàn tó ń bò mọ́lẹ̀ níbí ni ti òmìnira. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, fún nǹkan méjì. Àwa tó kàwé ní Faransé mọ̀ pé libre kì í ṣe gratuit, Yorùbá náà sì ya òmìnira sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fẹ́. Bí a bá kàn sọ fún ọmọ pé "Linux, ọ̀fẹ́ ni", lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá bá gbé ètò tirẹ̀ wá sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, yóò ju tàná nù, kò sì ní mọ ohun tó sọ nù. Ṣùgbọ́n bó bá bi wá pé "Kí ni GNU?", a ti ráyè sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tú ètò náà wò, láti sọ ọ́ di èdè Yorùbá, láti pín in fún ará ìlú rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Àwọn tó ń ṣe Debian ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ tan kọ̀ǹpútà tó bá ní i, Debian GNU/Linux lẹ ó rí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sójú pátákó. Bí ọmọ bá béèrè ìdí, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un.