Bọ́ǹbù ò lé Pásítọ̀ Shuttlesworth nílùú

Ẹni tí Ọlọ́run ò pa, ta ló lè pa á? Alẹ́ Kérésìmesì 1956 ni bọ́ǹbù fọ́ ilé Fred Shuttlesworth, pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Birmingham, Amẹ́ríkà, mọ́ ọn lórí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, kò fara pa. Ọlọ́pàá kan ní kó tètè sá nílùú, ó lóun ò lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó kó èèyàn wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ní ti òyìnbó nìkan ni. Lọ́dún 1957, ó mú àwọn ọmọ ẹ̀ lọ síléèwé òyìnbó, ni wọ́n bá fi ṣéènì lù ú bolẹ̀, wọ́n tún gún ìyàwó ẹ̀ lọ́bẹ. Kò sinmi. Ó kú lọ́dún 2011. Ìlú tí wọ́n ní kó sá fún ọ̀hún, láti 2008 ni orúkọ ẹ̀ ti wà lára pápákọ̀ òfurufú wọn.